Ẹ fi pólò sílẹ̀ ná, ẹ gbé ẹ̀rọ BP jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mátírọ́ọ̀nù. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa nítòsí Aláàkíà, n'Ìbàdàn. Láàárín ọdún kan, a ti sin ènìyàn mẹ́ta, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó pé ọgọ́ta ọdún. Ọ̀kan ṣubú ní balùwẹ̀, ọ̀kan sùn kò jí, ìkẹta ni rọpárọsẹ̀ kọlù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyẹn ló mú wa dá eré ìdárayá àárọ̀ Sátidé sílẹ̀. A gba olùkọ́, a dá owó, a rán pólò aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwa mẹ́tàlélógójì la jáde. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ku mẹ́fà, ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà kan ní ayé ló pa àwọn tó kú, kì í ṣe àìṣeré ìdárayá. Kí la ṣe tí kò dáa? Báwo la ṣe lè mú kí àwọn tó nílò rẹ̀ gan-an jáde?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tu àwọn ẹbí nínú.

Ohun tí ẹ ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí. Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Mo kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ síwájú ilé ìwòsàn alábọ́dé kan láàárọ̀ ọjọ́rú, mo ní kí wọ́n máa fò sókè, kí wọ́n máa nawọ́ nasẹ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní: "Nọ́ọ̀sì, láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń ru tòmátì. Ibo lẹ tún fẹ́ kí n fò lọ?" Ojú tì mí. Obìnrin tí mo fẹ́ kọ́ ní eré ìdárayá ń rìn lójúmọ́ ju èmi olùkọ́ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe fún un láyé rẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gbẹ.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ fún yín pé kí ẹ pààrọ̀ olùkọ́, tàbí kí ẹ sún aago síwájú. Eré ìdárayá tí a fi ìpolongo pè máa ń kó àwọn tí ara wọn ti yá tẹ́lẹ̀ jáde. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ mú. Sátidé Ìbàdàn! Ẹni tí kò lọ sọ́jà ń fọṣọ, ẹni tí kò fọṣọ ń wé gèlè òwàm̀bẹ̀. Ìyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn, tí pólò yín fún mọ́ níkùn, ṣé òun ló máa fò sókè níwájú àwọn ọmọ tó gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ká a sílẹ̀? Ó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n má bàa ní kò bá ẹgbẹ́ ṣe. Kò ní padà wá. Èmi náà kò ní padà wá.

Ní ti àwọn àgbà tó ní ayé ni, ẹ má bá wọn jiyàn. N kò yẹ àwọn olóògbé wò, n kò lè sọ ohun tó pa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ àrùn kan tó máa ń ṣe bí ẹni pé ayé ni, torí pé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀, nínú méjì tí ẹ̀rọ BP máa ń gbé jáde, ti kan 180 lè jẹ àmàlà tán kó máa dápàárá, kí nǹkankan má ṣe é, kí orí má fọ́ ọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára gbá ògiri iṣan, ọkàn ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí iṣan ara rẹ̀ fi nípọn, kíndìnrín ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí iṣan kan bá wá bẹ́ tàbí tó dí nínú ọpọlọ, aráyé á ní ó ṣubú lójijì. Kò sí ohun òjijì níbẹ̀, ó ti lè tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé, ó lé ní 40 tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Àwọn mìíràn á ní àìsàn ìdílé ni, pé ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn dúdú ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà lésì. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde tí àwọn dókítà UCH Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, títí kan Bàbátúndé Ọ̀ṣọ́tìmẹ́hìn tó padà di mínísítà ìlera. Wọ́n wọ̀n ènìyàn tó lé ní 10,000 tó jẹ́ pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun gbogbo wọn: àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn tó wà ní Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì mìíràn, àti àwọn tó wà ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Nílé níbí, ẹni 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà ni, nọ́ńbà sì ń gòkè bí a ṣe ń jìnnà sílé. Ohun tó yàtọ̀ ni iyọ̀, sísanra, jíjókòó pẹ́, àti ìnira ìgbésí ayé ibẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ kọ́ fún wa o, torí irú ìgbé ayé yẹn ti bá wa dé Aláàkíà. Ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà ọjà, a sì ń padà wálé wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí màá kọ́kọ́ fi owó pólò ṣe, tó bá jẹ́ èmi ni, ni ẹ̀rọ BP méjì tó ń wọ̀n ní apá òkè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ ra aṣọ ìwépá rẹ̀ tó tóbi kún un, torí tí apá bá tóbi tí aṣọ náà sì kéré, ẹ̀rọ á pe nọ́ńbà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì dẹ́rù ba ẹni ẹlẹ́ni lásán. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò. Kò sí àdúgbò tí kì í sí nílùú Ìbàdàn.

Wíwọ̀n BP ní ọgbọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ ti tọ̀, kó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kó gbé apá sórí tábìlì, kó bá àyà rẹ̀ dọ́gba. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí tó mu kọfí, ẹ ní kó dúró di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí kaféènì inú obì máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Èyí ló le jù fún àwa Yorùbá. Ẹnì kan á ṣáà kọjá, á ní "ẹ kú ìjókòó", ẹni tí à ń wọ̀n á fẹ́ dáhùn, á tún béèrè àwọn ọmọ. Mo máa ń gbé tábìlì mi sẹ́yìn ilé nítorí ìkíni nìkan. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì fi orúkọ àìsàn pè é. Ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 180 lórí 110, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ rí dókítà, kò gbọ́dọ̀ dọ̀la. Tí orí fífọ́ gan-an, àyà dídùn, èémí tí kò tó tàbí ojú tó ń ṣú bá wà pẹ̀lú rẹ̀, mọ́tò ni kí ẹ wá.

Ẹ má pe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síta. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kékeré, ẹ fi lé e lọ́wọ́. Ìyàwó ilé kan wà tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ mọ̀, télọ̀ kan wà tí kò fẹ́ kí oníbàárà mọ̀. Tí ẹ bá tú àṣírí ẹnì kan ṣoṣo, tábìlì yín á ṣófo bí pápá Sátidé yín ṣe ṣófo.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà wà níbẹ̀. Ẹni tí oògùn bá ti mú BP rẹ̀ wálẹ̀ sí 125 á ní ara òun ti yá, á pa á tì. Oògùn yẹn ló gbé e dúró síbẹ̀. Ìgbà tó bá pa á tì, nọ́ńbà á tún gòkè láìsọ fún un. Mo máa ń bi wọ́n pé, tí ẹ bá fi igi ti ògiri tó ń yẹ̀, tí ògiri sì dúró, ṣé ẹ ó wá yọ igi nítorí pé ògiri ti dúró?

Ibo ni kí ẹ gbé tábìlì sí? Ẹ má pè wọ́n, ẹ lọ bá wọn. Lọ́dún 2018, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde láti Los Angeles tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Dókítà Ronald Victor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọkùnrin dúdú ìlú náà kì í fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í lọ gẹrun. Ni wọ́n bá lọ bá àwọn bábà ní ṣọ́ọ̀bù 52. Ọkùnrin 319 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló wà nínú iṣẹ́ náà. Ní apá kan, bábà gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n tún oúnjẹ ṣe, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Ní apá kejì, apòògùn wá bá wọn lórí àga ìgẹrun gan-an, ó wọ̀n wọ́n, ó sì fún wọn ní oògùn pẹ̀lú àdéhùn tó wà láàárín òun àti dókítà wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè àwọn ti apòògùn fi 27 wálẹ̀. Ti àwọn tí bábà gbà nímọ̀ràn nìkan fi bíi 9 wálẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa. Ìmọ̀ràn lásán ṣe díẹ̀. Ìmọ̀ràn tí oògùn tẹ̀ lé ní ibi tí ọkàn ọkùnrin ti balẹ̀ ló ṣe púpọ̀. Nítorí náà, ẹ kó bábà àdúgbò yín mọ́ra, àti onídìrí, torí obìnrin tó ń ṣe dídì wẹ́wẹ́ lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin, àyè ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi yẹn sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ kó apòògùn kẹ́mísì tó ní ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Ìdí igi tí wọ́n ti ń ta ayò náà dára, tí ẹ bá lè mú kí wọ́n dákẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìrìn. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris tẹ ìwádìí kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé kọ̀ndọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Àrùn ọkàn tó ń mú kọ̀ndọ́ kéré sí ti awakọ̀, èyí tó bá sì mú kọ̀ndọ́ kì í tètè pa á. Kò sí ẹni tó rán pólò fún kọ̀ndọ́ wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ wọn ló ń rìn wọ́n. Morris fúnra rẹ̀ sọ eré sísá àti ìrìn di àṣà, ó sì pé ẹni ọdún 99 kó tó kú ní 2009.

Ohun tí àgbà nílò kò ju 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́ dára. Ìrìn náà gbọ́dọ̀ yá ju ti ẹni tó ń wo ìso ọjà lọ. Ẹ fi ẹnu wọ̀n ọ́n: tí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó. Tí ẹ bá lè dá orin àti ègbè rẹ̀ láìmí hẹlẹ, ẹ ṣì ń ṣeré. Ẹni tó ń kiri ọjà ti rìn tirẹ̀, ẹ má dà á láàmú. Oníṣọ́ọ̀bù, télọ̀, ọlọ́kọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì, àti lándílọ́ọ̀dù tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ka ìwé ìròyìn ní fàráńdà, àwọn lẹ ń wá.

Kí ló ń dá wọn dúró? Mo ti bi ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ajá ni. Òkùnkùn ni. Gọ́tà tí kò lọ́mọrí ni. Obìnrin kan sọ fún mi pé òun fẹ́ máa rìn láàárọ̀, ṣùgbọ́n ilé mẹ́rin ló wà ní òpópónà àwọn tí wọ́n ń tú ajá sílẹ̀ títí di aago méje. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé kò ní àṣẹ lórí ara ẹnikẹ́ni. Ẹ ní àṣẹ lórí ajá, gọ́tà àti gílóòbù. Ẹ ṣe òfin pé kí wọ́n so ajá ní aago márùn-ún àárọ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tan iná kan síta, ti oòrùn bó bá ṣeé ṣe, torí NEPA. Ẹ da pákó tàbí kọnkéré lé ojú gọ́tà níbi tó ti ya. Ẹ bá àwọn fijilanté sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan nínú wọn máa dúró ní ìkóríta ní àkókò ìrìn. Kí ẹ yan ọ̀nà inú, kì í ṣe etí títì níbi tí èéfín tírélà wà. Tí ojú ọ̀nà bá ti ṣeé rìn, ẹ ó rí i pé ẹ kò ní pe ìpè púpọ̀.

Ẹ so ìrìn mọ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kírun Àsùbáà tán lè gba ọ̀nà jíjìn padà sílé. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdánrawò ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni méjì méjì ló dára jù, ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Ìdí kan tún wà tí mo fi fẹ́ ẹni méjì. Nílẹ̀ wa, ẹni tó sanra ni à ń kí pé ara rẹ̀ ti tà. Ẹni tó bá fọn díẹ̀, a ó ní, "Ṣé kò sí o? O ti rù o!" Mo mọ ọkùnrin kan tó dá rìn fún oṣù mẹ́ta, tí BP rẹ̀ sì wálẹ̀, tó wá fi í sílẹ̀ nítorí pé àwọn àna rẹ̀ ń pe ìyàwó rẹ̀ láti béèrè irú àìsàn tó ń ṣe é. Tí ẹ bá jọ ń rìn, gbogbo àdúgbò á mọ ibi tí ọ̀rá yín lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má dẹ́kun àmàlà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn pa yín tì. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un, ẹ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú gan-an. Iyọ̀ ni ogun tòótọ́. Kò yẹ kó ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, bíi ṣíbí ìpotíì kan fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà, búrẹ́dì àti núdù sì ti ń mú nínú rẹ̀ kí ẹ tó dáná. Iyọ̀ wà nínú mágí náà, nítorí náà ẹni tó bu iyọ̀ tó tún já mágí mẹ́rin sínú ìkòkò ti bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí àwọn ìyá wa kì í sì kà sí rárá ni kán-ún. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀, òun náà ló kún inú kán-ún. Ewédú, ilá, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ là ń bù ú sí. Ìjábẹ̀ á fọ́ ewédú dáadáa láìsí kán-ún, ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú á rọ̀. Irú, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti efinrin á gbé adùn tí iyọ̀ fi sílẹ̀.

Ní ti òróró tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní kọlẹ́síró, ọ̀rá tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀: kò sí òróró ewéko kankan tó ní in, epo pupa náà kò ní in. Ohun tó wà nínú epo pupa ni pé bíi ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kí kọlẹ́síró inú ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ sí i. Ẹ ṣáà dín in kù. Ẹ má sì ra àkàrà lọ́wọ́ ẹni tí òróró rẹ̀ ti dúdú.

Àwọn tí ẹ máa lọ bá lórí oúnjẹ ni alásè, àwọn tó ń se ti ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìnkú. Ní North Karelia, ní orílẹ̀-èdè Finland, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin bí eṣinṣin tẹ́lẹ̀. Ní 1972, dókítà ọ̀dọ́ kan, Pekka Puska, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò dúró sílé ìwòsàn. Ó lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ilé tó ń jẹ́ Martha, wọ́n sì ń se oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn lọ́nà tuntun, ọ̀rá díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, wọ́n ń pe abúlé wá jẹ ẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún márùndínlógójì, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fi ohun tó lé ní 80 nínú 100 dín kù. Bí alásè méjì ní Aláàkíà bá gbà láti dín mágí kù, ẹnu ogún ìdílé á ti yí padà kí wọ́n tó mọ̀.

Sìgá, kí wọ́n jáwọ́ pátápátá. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni.

Kí ẹ tó jáde rìn: ẹni tí àyà ti ń dùn rí tó bá ṣiṣẹ́, ẹni tí èémí rẹ̀ ń já lórí àtẹ̀gùn díẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí orúnkún ń dùn lẹ́yìn ìrìn, kó má sọ ibuprofen àti diclofenac di oúnjẹ, torí wọ́n máa ń gbé BP sókè. Tí àyà bá ń fún ẹnikẹ́ni pinpin lójú ọ̀nà, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, kó jókòó, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Tí ẹnu ẹnì kan bá wọ́, tí apá kan kò gbéra, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ má da omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó sùn pé ilẹ̀ á mọ́. Ẹ ti jọ pinnu ṣáájú ilé ìwòsàn tí ẹ ó gbé e lọ àti mọ́tò ẹni tó máa gbé e lóru, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjì mọ́ ẹnu géètì àdúgbò.

Ẹ má lé olùkọ́ yín lọ. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà yẹn náà wúlò, wọ́n lágbára, wọ́n sì ń tètè jí. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀n BP, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àgbà mẹ́ta tí yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó ṣí i, ẹ wọ̀n alága lójú gbogbo ènìyàn, bó bá gbà. Mo ti sọ pé ẹ má tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú tirẹ̀. Ní àdúgbò kan tí mo ti ṣiṣẹ́, bàbá alága bọ́ agbádá, ó na apá, ẹ̀rọ gbé 168 jáde. Ó wo nọ́ńbà náà títí, ó wá kígbe: "Ẹ̀yin ará ilé mi, ṣé báyìí ni mo ṣe ń wà mọ́tò kiri?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà tó wà níwájú tábìlì mi gùn dé ẹnu géètì.